Ọmọ Àgbẹ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Orúkọ Lamborghini

Ẹ bi àwọn ọmọ inú ilé yín léèrè pé ọkọ̀ wo ló wù wọ́n jù láyé. Kò ní pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn á fi dárúkọ Lamborghini. Wọ́n mọ̀ ọ́n nínú géèmù orí fóònù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n nínú fídíò àwọn olórin. Àmọ́ ẹ wá bi wọ́n pé ta ló ń jẹ́ Lamborghini. Ó ṣeé ṣe kí ilé pa rọ́rọ́.

Orúkọ èèyàn ni. Ferruccio Lamborghini lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ ilẹ̀ Ítálì ni, àgbẹ̀ sì làwọn òbí rẹ̀. Kó tó di pé ó ṣe ọkọ̀ asárétete kan ṣoṣo, tírákítọ̀ táwọn àgbẹ̀ fi ń túlẹ̀ ló ti sọ ọ́ di olówó. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ẹnì kan fojú tín-ín-rín rẹ̀, inú bí i, ló bá lọ dá ilé iṣẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn yẹn dùn ún gbọ́, a ó sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tá a bá dúró síbẹ̀, a ò tíì mọ ohun tó gbé ọkùnrin náà dé ibi tó dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ti fojú tín-ín-rín rí. Ìwọ̀nba làwọn tó ní ohun tí wọ́n lè fi fèsì.

Ọmọ tí irin wù ju oko lọ

April 28, 1916 ni wọ́n bí Ferruccio ní Renazzo, abúlé kan lágbègbè ìlú Cento, ní àríwá Ítálì. Antonio lorúkọ bàbá rẹ̀, Evelina sì lorúkọ ìyá rẹ̀. Àjàrà ni wọ́n ń gbìn. Ilẹ̀ àdúgbò náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, ó sì lọ́ràá, torí náà iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ ìdílé tó wà níbẹ̀ gbójú lé.

Nínú oko yẹn ni Ferruccio dàgbà sí, àmọ́ ohun tó ń fà á lọ́kàn mọ́ra ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ oko. Ó ń fẹ́ mọ bó ṣe ń yí, ìdí tó fi ń kọ iṣẹ́, àti ohun téèyàn lè ṣe tó fi máa tún ṣiṣẹ́. Gbogbo wa la mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Òun ló máa ń tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀, tí gbogbo ilé á sì máa pariwo lé e lórí. Nígbà tó yá, Ferruccio lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan nítòsí ìlú Bologna. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ló bá a rìn títí lójú ogun.

Ohun tí ogun kọ́ ọ

Lọ́dún 1940, wọ́n mú Ferruccio wọ iṣẹ́ ológun. Ẹ̀ka ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì rán an lọ sí erékùṣù Rhodes. Lónìí, ilẹ̀ Gíríìsì ló ni erékùṣù náà, àmọ́ abẹ́ àkóso Ítálì ló wà nígbà yẹn. Wọn ò fún Ferruccio ní ọkọ̀ òfuurufú kó máa wà. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, nígbà tó sì yá, ó di ọ̀gá lára àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe níbẹ̀.

Ẹ fojú inú wo bí iṣẹ́ náà á ṣe rí. Òkun ló yí erékùṣù náà ká, ogun sì ń lọ lọ́wọ́. Tí ọkọ̀ bá bà jẹ́, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páàtì kò sí lẹ́bàá ọ̀nà. Ohun tó wà nílẹ̀ ni mẹkáníìkì máa fi ṣe ohun tí kò sí. Á tú ti ara ọkọ̀ tó ti kú, á sì fi jí èyí tó ń ṣàìsàn.

Lọ́dún 1945, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù náà, Ferruccio sì di ẹlẹ́wọ̀n ogun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló tó pa dà sílé. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Pieve di Cento, tí kò jìnnà sí abúlé wọn, ó sì gbéyàwó. Clelia Monti lorúkọ ìyàwó náà. Àmọ́ ayọ̀ yẹn ò tọ́jọ́. Lọ́dún 1947, Clelia bí ọmọkùnrin kan tí wọ́n pè ní Tonino, ibi ọmọ bíbí náà ló sì kú sí. Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wá wà pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, láìsí ìyá ọmọ, nílùú tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fẹ́ ìyàwó míì, ìyẹn Annita Borgatti.

Àlòkù ogun di ẹrù àgbẹ̀

Lẹ́yìn ogun, nǹkan méjì ló hàn kedere ní àdúgbò Ferruccio. Ilẹ̀ pọ̀ tí wọ́n fẹ́ ro, àmọ́ agbára káká làwọn àgbẹ̀ kéékèèké fi lè ra tírákítọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ọkọ̀ táwọn ọmọ ogun fi sílẹ̀ lọ wà káàkiri. Ojú àlòkù irin ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wò ó. Ojú tírákítọ̀ ni Ferruccio fi wò ó.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra àlòkù yìí, ó ń yọ ẹ́ńjìnnì àti jíà lára wọn, ó sì ń fi wọ́n to tírákítọ̀ fáwọn àgbẹ̀. Carioca ni wọ́n pe èyí tó kọ́kọ́ ṣe. Ẹ́ńjìnnì Morris, tó jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi sí i. Ìṣòro kan wà ńbẹ̀ o: bẹntiróò ni ẹ́ńjìnnì náà ń mu, bẹntiróò sì wọ́n gógó. Kí ni àǹfààní tírákítọ̀ tí àgbẹ̀ rà tán àmọ́ tí kò lówó epo rẹ̀? Ferruccio wá ọgbọ́n dá sí i. Ó ṣe ohun èlò kan tó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà fi bẹntiróò díẹ̀ tan. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n á wá yí i sórí dísẹ́ẹ̀lì, tí owó rẹ̀ kéré, orí ìyẹn láá sì ti máa ṣiṣẹ́ nìṣó.

Tá a bá ń wá ibi tí ọrọ̀ Lamborghini ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni. Ó mọ ohun tó ń dun àgbẹ̀, torí ilé àgbẹ̀ ló ti wá. Ó sì mọ ohun téèyàn lè fi àlòkù ṣe, torí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Rhodes. Lọ́dún 1948, ó dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tírákítọ̀ sílẹ̀, ó sì pè é ní Lamborghini Trattori. Nígbà tó fi máa di ọdún 1951, ó ti gbé tírákítọ̀ L33 jáde. Yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ṣì jẹ́ Morris, ilé iṣẹ́ Ferruccio fúnra rẹ̀ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ilé iṣẹ́ náà di ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù nídìí tírákítọ̀ ní Ítálì. Nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 1960, ó tún dá ilé iṣẹ́ míì sílẹ̀ tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń mú inú ilé móoru nígbà òtútù. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ amúlétutù kún un nígbà tó yá.

Ó wọ ilé oúnjẹ láti ara ògiri

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ nìkan ni ọkùnrin yìí mọ̀. Eré sísá wà lára rẹ̀. Ó ní mọ́tò Fiat kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Topolino, ó sì tún inú rẹ̀ ṣe títí ó fi ń sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe rò lọ. Lọ́dún 1948, ó gbé e lọ sí ìdíje Mille Miglia, eré mọ́tò tí wọ́n máa ń sá gba ojú títì káàkiri Ítálì. Ó sáré tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ó lé ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Ní abúlé kan tó ń jẹ́ Fiano, nítòsí ìlú Turin, ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì já ògiri ilé oúnjẹ kan wọlé. Eré tiẹ̀ parí síbẹ̀.

Ìtàn yẹn pani lẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ rántí rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí Ferruccio fi máa ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tiẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀ pé ilé iṣẹ́ òun ò ní máa ná owó sórí ìdíje eré mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì

A ti wá dé ibi ìtàn tí gbogbo èèyàn mọ̀. Nígbà tówó dé, Ferruccio ra oríṣiríṣi ọkọ̀ olówó ńlá. Ó ní Mercedes, Jaguar àti Maserati, ó sì ra Ferrari pẹ̀lú. Enzo Ferrari ló ń ṣe ọkọ̀ yẹn ní Maranello, ìlú kan tí kò jìnnà sí tiwọn. Ferruccio fẹ́ràn Ferrari, àmọ́ ó láwọn àléébù tó rí. Ó ní ariwo rẹ̀ pọ̀ jù, inú rẹ̀ ò sì tura tó fún ọkọ̀ tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó wá ká a lára jù ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tó ń bà jẹ́ lemọ́lemọ́.

Ferruccio fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní nígbà tó sú òun, òun ní kí wọ́n tú kílọ́ọ̀ṣì náà nílé iṣẹ́ òun, ibẹ̀ lòun sì ti rí i pé ó bá irú èyí táwọn ń fi sí tírákítọ̀ mu. Ó lọ bá Enzo Ferrari láti fẹjọ́ sùn. Enzo sì fún un lésì tó ta á létí: pé tírákítọ̀ ló mọ̀ ọ́n wà, kí ló mọ̀ nípa Ferrari?

Ó dájú pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n pè ní awakọ̀ tírákítọ̀ yìí ti ní ilé iṣẹ́ méjì tó ń mówó wọlé. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, ó sì ní ojú tó fi lè rí i pé páàtì tí kò wọ́n ni wọ́n ń tà lówó gọbọi nínú ọkọ̀ olówó ńlá. Ìbínú ló ṣí ilẹ̀kùn, àmọ́ tírákítọ̀ ló sanwó ilé. Ká ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n bú u ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ ni, ìbínú náà ì bá ti tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì nínú

Lọ́dún 1963, Ferruccio dá ilé iṣẹ́ Automobili Lamborghini sílẹ̀ ní Sant'Agata Bolognese, ìlú kékeré kan tó wà láàárín Bologna àti Modena. Ó mọ ohun tí kò mọ̀, torí náà ó wá àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ó gbé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì fún Giotto Bizzarrini, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Ferrari rí. Ó gba ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó jẹ́ ẹnjiníà, Gian Paolo Dallara àti Paolo Stanzani. Bob Wallace, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, ló ń dán àwọn ọkọ̀ náà wò.

Ìfihàn ọkọ̀ tó máa wáyé nílùú Turin lọ́dún 1963 ti sún mọ́lé. Wọ́n sáré múra sílẹ̀, àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀, wọ́n rí i pé ẹ́ńjìnnì tuntun náà ò gba abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi hàn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kó bíríkì sí ibi tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì wà kí ọkọ̀ lè wúwo bó ṣe yẹ, wọ́n sì rí i pé ẹnikẹ́ni ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Àwọn tó wá wòran yẹ ọkọ̀ náà sí, láìmọ̀ pé bíríkì ló wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ìtìjú yẹn ò pẹ́. Nígbà tó fi máa di March 1964, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n sì gbé 350 GT, tó ní ẹ́ńjìnnì nínú, lọ sí ìfihàn ọkọ̀ nílùú Geneva.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà yẹn tún ní nǹkan lọ́kàn. Wọ́n fẹ́ ṣe ọkọ̀ tó jọ ti eré ìdíje, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa wà lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, tí wọ́n á sì fi í dábùú. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá àwọn ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìdíje, torí náà, alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, ni wọ́n ń ṣètò rẹ̀. Nígbà tí Ferruccio rí i, ó gbà kí wọ́n máa bá a lọ. Marcello Gandini, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Bertone, ló ya bí ara ọkọ̀ náà ṣe máa rí. Lọ́dún 1966, wọ́n gbé e jáde ní Geneva, wọ́n sì pè é ní Miura. Ọkọ̀ yìí ló sọ orúkọ Lamborghini di ohun tí gbogbo ayé ń pè. Ọ̀gá tó gbà kí àwọn ọmọṣẹ́ dá ọgbọ́n tirẹ̀ kò tíì dá ló jẹ èrè rẹ̀.

Níbo ni wọ́n ti rí orúkọ náà? Ìdílé kan nílẹ̀ Sípéènì ló ń jẹ́ Miura, wọ́n sì lókìkí nídìí sísin akọ màlúù tí wọ́n fi ń jà. Àwọn tó gbà gbọ́ nínú àmì ìràwọ̀ sì sọ pé akọ màlúù ni àmì ẹni tí wọ́n bí ní ìparí oṣù April, bíi ti Ferruccio. Ìdí nìyẹn tí akọ màlúù fi wà lára àmì ilé iṣẹ́ náà títí dòní, tí orúkọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn sì fi jẹ mọ́ màlúù jíjà.

Nígbà tí ẹsẹ̀ tó gbé ilé ró bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ nípa tírákítọ̀ tún wá hàn kedere nígbà tí wàhálà dé. Nǹkan bí ìdajì tírákítọ̀ tí ilé iṣẹ́ Ferruccio ń ṣe, òkè òkun ni wọ́n ń tà á sí. Ní nǹkan bí ọdún 1971, àwọn ológun fipá gba ìjọba lórílẹ̀-èdè Bolivia ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìjọba tuntun náà sì sọ pé àwọn ò ra tírákítọ̀ rẹpẹtẹ tí wọ́n ti sọ pé kí ilé iṣẹ́ náà ṣe mọ́. Àwọn kan ti wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó sọ́kọ̀ òkun. Oníbàárà ńlá tí wọ́n ní ní South Africa náà fagi lé ohun tó fẹ́ rà.

Owó ti há sínú ọjà tí kò rẹ́ni rà á, bẹ́ẹ̀ oṣù ń parí, òṣìṣẹ́ sì ní láti gbowó. Ferruccio ò lè fi tírákítọ̀ gbé ọkọ̀ ró mọ́. Ó ta ilé iṣẹ́ tírákítọ̀, tó jẹ́ gbòǹgbò ohun gbogbo, fún ilé iṣẹ́ Ítálì míì tó ń jẹ́ SAME. Lọ́dún 1972, ó ta ìpín tó ju ìdajì lọ nínú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fún oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Georges-Henri Rossetti. Nígbà tó di ọdún 1974, ó ta ìyókù fún René Leimer. Ọdún mọ́kànlá péré lẹ́yìn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò ní ìpín kankan nínú rẹ̀ mọ́, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára gbogbo ọkọ̀ tó ń jáde níbẹ̀.

Ó máa ń ṣòro fún èèyàn láti jọ̀wọ́ ohun tó fi òógùn rẹ̀ kọ́, àgàgà tó bá jẹ́ orúkọ ẹni ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti jẹ gbèsè lé gbèsè nítorí kí aráyé má bàa sọ pé wọ́n kùnà. Ferruccio jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣì wà tó lè mú lọ sílé. Lọ́dún 1978, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà wọ gbèsè tí kò lè san, ó sì ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ olówó látìgbà náà. Láti ọdún 1998, ilé iṣẹ́ Audi ti Jámánì ló ni ín.

Ó pa dà sídìí àjàrà

Ibo ni Ferruccio lọ? Ó kó lọ sí ilẹ̀ kan tó rà nítòsí adágún Trasimeno, ní àgbègbè Umbria. Iṣẹ́ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣe lòun náà pa dà sídìí rẹ̀: ó ń gbin àjàrà, ó sì ń fi ṣe wáìnì. Ó pe ọ̀kan lára wáìnì náà ní Sangue di Miura, tó túmọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ Miura. Ọmọ tí ẹ̀rọ wù ju oko lọ ti darúgbó, ó sì tún ti di àgbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni pé, lọ́tẹ̀ yìí, òun ló fúnra rẹ̀ yàn án.

February 20, 1993 ló kú, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sin sí Renazzo, abúlé tí wọ́n bí i sí. Tonino, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ló ṣí ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí wọ́n fi ń rántí bàbá rẹ̀. Tírákítọ̀ àti ọkọ̀ asárétete jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà níbẹ̀.

Kí la lè sọ fún àwọn ọmọ wa?

Nígbà míì táwọn ọmọ bá dárúkọ Lamborghini, ẹ lè sọ fún wọn pé wọ́n ṣì ń ṣe tírákítọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ náà títí dòní. Ẹ lè sọ fún wọn pé mẹkáníìkì tí òróró dúdú kún ọwọ́ rẹ̀ ló ni orúkọ ọ̀hún, kì í sì í ṣe ọmọ olówó. Tí ọmọ kan bá sì wà nílé yín tí kì í lè rí fáànù tó bà jẹ́ kó má tú u wò, ẹ má tètè pariwo lé e lórí. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló rí nínú rẹ̀.

Tí ẹnì kan bá sì fojú tín-ín-rín ọmọ yín nítorí iṣẹ́ tó ń kọ́, ẹ rán an létí pé iṣẹ́ tí wọ́n fi bú Ferruccio náà ló fi fèsì. Kó mọ̀ ọ́n dáadáa ná. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.